Alámù Tó Ju Ilé Lọ: Ohun Tí Iṣẹ́ Alámù Iná Kọ́ Mi

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi gbé mi lọ sí ilé àwọn arúgbó yẹn, mo rò pé a ti ṣìnà ni. Ilé bíríkì pupa àtijọ́ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olókè kan, yàrá 16 péré, tẹ́ ẹ bá dúró sẹ́nu géètì ẹ máa ka fèrèsé ẹ̀ tán. Àmọ́ ẹ wá wo ẹrù tá a kó sínú mọ́tò: páálí detector, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré ara àjà tó máa ń gbóòórùn èéfín, lórí páálí detector, rọ́ọ̀lù wáyà pupa tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ti ń ro mí kí n tó kó ìdajì ẹ̀ sílẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì ńlá kan, ìyẹn àpótí tó ń darí gbogbo alámù, tó tóbi tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, pánẹ́ẹ̀lì kékeré míì tí wọ́n fẹ́ gbé sókè, bátìrì méjì tó wúwo bí òkúta. Mo ka iye detector tó wà lórí pépà, 94. Detector 94 fún yàrá 16! Mo yíjú sí ọ̀gá mi, mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé yìí nìkan la kó gbogbo èyí wá fún, àbí a ṣì ń lọ síbòmíì?"

Ọ̀gá mi, ọmọ Iléṣà ni wọ́n, wọ́n ti lò ju 20 ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn nígbà náà, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láàárọ̀. Wọ́n kàn ní "Gbé e wọlé. Wàá rí i."

Mi ò rí i o. Ó gbà mí tó ọdún mẹ́ta kí n tó rí i. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bi mí, pàápàá àwọn èèyàn wa tó ń gba gbọ̀ngán fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé tí wọ́n fẹ́ máa gba ayálégbé sí, wọ́n á ní kí ló dé tí wọ́n ní káwọn fi alámù tó tó ti hòtẹ́ẹ̀lì sínú ilé kékeré báyìí, ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ àwọn? Nígbà míì ó máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, mo máa sọ ìyẹn náà. Àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ parí ti ilé yẹn.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ńbí, ìwé kan wà tí gbogbo àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé, BS 5839 apá kìíní. Ìwé yẹn pín alámù sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. M ló kéré jù, kò ní detector rárá, bọ́tìnì pupa ara ògiri àti agogo nìkan ló ní, èèyàn fúnra ẹ̀ ló máa fojú rí iná kó tó sáré lọ tẹ bọ́tìnì. P wà fún dúkìá. L wà fún ẹ̀mí èèyàn, ó bẹ̀rẹ̀ láti L5 títí dé L1, L1 sì ni baba gbogbo wọn, ibi gbogbo ni detector ń wọ̀: yàrá, kọ́rídọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù, òkè àjà, kódà àlàfo tó wà láàárín àjà àti pákó òkè, tó bá ti jìn tó 800 mm ẹ gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi síbẹ̀. Ilé tí àwọn arúgbó ń sùn sí, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, L1 la sábà máa ń fi síbẹ̀. Bí 94 yẹn ṣe dé nìyẹn.

Mo mọ gbogbo èyí lórí ìwé, mo ti ṣe ìdánwò ẹ̀, mo pàsì. Àmọ́ kéèyàn mọ nǹkan lórí ìwé yàtọ̀ sí kó yé e. Lọ́jọ́ tí mo gun àkàbà lọ sókè àjà ilé yẹn, eruku kún ojú mi, òwú aláǹtakùn ń lẹ̀ mọ́ mi lórí, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì ẹnu mi wá ibi tí mo máa kan detector kan ṣoṣo mọ́, gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi ò ju pé ta ló fẹ́ wá dáná síbí.

Ibi tá a ti jọ jiyàn gan-an ni ọ̀rọ̀ agogo. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní agogo tiẹ̀ lórí pépà, ti kọ́rídọ̀ tún wà lọ́tọ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi méjì sí kọ́rídọ̀ òkè ká fi méjì sí tìsàlẹ̀, ariwo ẹ̀ á jí gbogbo ilé, àṣejù baba àṣetẹ́. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n lọ mú míta tá a fi ń wọn ariwo wá látinú mọ́tò, wọ́n ní kí n wọ yàrá 4, kí n ti ilẹ̀kùn dáadáa, kí n gbé míta yẹn sórí pílò, ibi tí orí èèyàn máa wà gẹ́lẹ́. Wọ́n wá jẹ́ kí agogo kọ́rídọ̀ dún. Míta kejì tó wà lọ́wọ́ wọn níta ka 93 decibel, òṣùwọ̀n ariwo nìyẹn. Èyí tó wà lórí pílò lọ́dọ̀ mi ka 61. Ilẹ̀kùn iná nípọn, wọ́n ṣe é kó lè dá iná dúró fún bí ìdajì wákàtí, bó ṣe ń dá iná dúró bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbé bíi 30 decibel mì nínú ariwo. Ìwé sì sọ pé 75 ló gbọ́dọ̀ dé ibi tí ẹni tó ń sùn gbé orí lé.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ní "Màmá tó ń gbé yàrá yìí ti lé ní 80 ọdún. Tí wọ́n bá fẹ́ sùn, wọ́n á yọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ràn, wọ́n á gbé e sórí tábìlì. Àbúrò, ṣé 61 yẹn máa jí wọn?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo lọ kan agogo mọ́ yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, nínú yàrá àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa a tún fi iná tó ń ṣẹ́jú sí i àti nǹkan pẹlẹbẹ kan tó máa ń gbọ̀n lábẹ́ pílò. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé agogo ti pọ̀ jù nínú ilé, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni ilẹ̀kùn mélòó ló wà láàárín agogo àti ẹni tó ń sùn.

Àmọ́ apá tó sú mi jù ni orúkọ. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Nínú alámù ìgbàlódé, wáyà kan ló máa jáde lára pánẹ́ẹ̀lì, á yí ilé ká, á tún padà wá sí pánẹ́ẹ̀lì, loop la máa ń pè é. Nínú irú èyí tá a lò, loop kan lè gbé tó nǹkan 126, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì sì lè bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí èéfín bá wọ nọ́ńbà 37, pánẹ́ẹ̀lì máa mọ̀ pé 37 ni. Ṣùgbọ́n èèyàn tó bá sáré dé iwájú pánẹ́ẹ̀lì lóru ò mọ ẹni tó ń jẹ́ 37, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù kẹ́ ẹ tẹ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, detector, bọ́tìnì, agogo, gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni. Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ lọlé, mo wo pílánù tí àwọn tó yàwòrán ilé yẹn fún wa, mo kọ ohun tí mo rí níbẹ̀: Store 1, Store 2, Store 3, Lobby A, Lobby B. Mo ní mo ti ṣe tán.

Ọ̀gá mi kà á láti òkè délẹ̀. Wọ́n pe ọmọbìnrin kan tó ń nulẹ̀ ní kọ́rídọ̀, wọ́n rọra bi í pé jọ̀ọ́, ibo ni Store 3? Ọmọ yẹn wo ọ̀tún wo òsì, ó ní òun ò mọ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn fún ọdún méjì! Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní "Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Máa tẹ̀ lé ẹni tó ń ṣe náìtì níbí kiri ilé, kó máa sọ orúkọ tí wọ́n ń pe ibẹ̀ fún ẹ, ohun tó bá sọ ni kó o kọ."

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní tàn yín. Mo padà wá láago mẹ́sàn-án alẹ́, màmá kan ará Òṣogbo tó ń ṣe náìtì ló mú mi yí ilé ká. Wọ́n á ní "ibí, ibi tí à ń kó bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì sí ni", èmi á kọ ọ́. Store 3 wá di CUPBOARD UNDER BACK STAIRS BY ROOM 6. Ààyè fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á lójú pánẹ́ẹ̀lì.

Ìgbà tá à ń wa mọ́tò lọ sílé ni wọ́n tó sọ ti Rosepark fún mi. Mi ò tíì gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ilé àwọn arúgbó ni, ní Uddingston lẹ́bàá Glasgow ní Scotland. Ní ìdájí ọjọ́ 31 oṣù January ọdún 2004, iná sọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù lásán tí ẹ̀rọ iná mànàmáná wà nínú ẹ̀. Alámù dún o. Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ ohun tí pánẹ́ẹ̀lì sọ ò fi bẹ́ẹ̀ yé àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ka apá ilé tó ń tọ́ka sí sí ibòmíì, ibẹ̀ ni wọ́n sì lọ wò. Ìṣẹ́jú 9 ló kọjá kí wọ́n tó pe panápaná. Ilẹ̀kùn yàrá àwọn kan ṣí sílẹ̀, èéfín wọlé tọ̀ wọ́n. Àwọn arúgbó 14 ló kú.

Ọ̀gá mi ò sọ nǹkan míì lẹ́yìn ìyẹn títí tá a fi dé Camberwell tí mo ti máa ń bọ́ sílẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí i, mo ti wá mọ̀ báyìí pé ohun téèyàn ń pè ní àṣejù nínú alámù, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ń pa pọ̀ sójú kan. Ọ̀kan jẹ́ èyí tó pọ̀ torí pé àwọn tó wà nínú ilé ò lè yára jáde, ìyẹn kì í ṣe àṣejù rárá. Ọ̀kan jẹ́ èyí tó pọ̀ torí pé ẹnì kan fẹ́ tajà. Ọ̀kan sì jẹ́ èyí tó pọ̀ fún ojú ayé. Mo ti pàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí tí wọ́n fi tajà: ìyá kan wà ní Peckham tó ń ta èlùbọ́, ẹ̀wà olóyin, epo pupa, ẹja gbígbẹ. Ṣọ́ọ̀bù yàrá kan ni, sítọ́ọ̀ kékeré wà lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ ẹ ké "iná o", ẹni tó wà nínú sítọ́ọ̀ máa gbọ́ yín ketekete. Ilé iṣẹ́ kan ti wá ta pánẹ́ẹ̀lì oní loop méjì fún wọn, èyí tó lè gbé ju nǹkan 250 lọ, detector mẹ́fà péré ló wà lórí ẹ̀, wọ́n sì ń wá gbowó sáàbísì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Mo ní "Màámi, ta ló ní kẹ́ ẹ ra èyí?" Wọ́n ní "Ọmọ mi, wọ́n ní òfin ni." Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin iná ọdún 2005 tí à ń lò ní England, ohun tó ní kẹ́ni tó ni ibi iṣẹ́ ṣe ni pé kó yẹ ewu tó wà níbẹ̀ wò, kó wá ṣe ohun tó bá ewu yẹn mu. Kò dárúkọ pánẹ́ẹ̀lì kankan.

Mo ti fẹ́ máa bínú lọ, mo kàn ní kí n bèèrè pé ta ló ń gbé òkè ṣọ́ọ̀bù yẹn. Wọ́n ní tọkọtaya kan ni, ọmọ wọn mẹ́ta. Mo gòkè lọ wò ó. Kò sí agogo kankan lọ́hùn-ún tó so mọ́ tìsàlẹ̀. Detector mẹ́fà ló ń ṣọ́ èlùbọ́ lóru tí ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀, tí iná bá sọ, ìsàlẹ̀ ló máa máa dún, àwọn ọmọ mẹ́ta á máa sùn lókè. Àyà mi já. A yọ pánẹ́ẹ̀lì ńlá yẹn kúrò, a fi kékeré kan dípò ẹ̀, owó ẹ̀ ò tó ìdá mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, a wá fa wáyà lọ sókè, a fi agogo sí kọ́rídọ̀ wọn àti sí yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn, a fi detector sí ẹnu àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ń gbé lókè ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo tiyín lónìí.

Alámù tó bá pọ̀ níbi tí kò yẹ tún ní ewu míì, òun ni ariwo òfìfo. Inú detector tó wọ́pọ̀ jù, iná kékeré kan wà níbẹ̀, ojú kan tó ń ṣọ́nà sì wà níbẹ̀, àmọ́ wọn ò kọjú síra wọn. Tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ bá mọ́, ojú yẹn ò ní rí nǹkan kan. Tí èéfín bá wọlé, ìmọ́lẹ̀ á kọlu èéfín á fọ́n ká, díẹ̀ á ta bá ojú yẹn, alámù á dún. Àmọ́ kò mọ èéfín yàtọ̀ sí ooru omi gbígbóná tó jáde láti bálùwẹ̀, tàbí eruku, tàbí sípíréè tí wọ́n ń fín sí irun. Nígbà ooru ńbí, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín kan máa ń wọnú ẹ̀, àwọn náà á mú un dún. Mo ṣiṣẹ́ ní ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ pé ẹnu ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ gan-an ni wọ́n kan detector sí nínú gbogbo yàrá. Alámù ń dún lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, nígbà tí mo débẹ̀ fún sáàbísì, mo bá detector 27 tí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ àti ọ̀rá bò mọ́lẹ̀. Mo ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ó ń wò mí, ó ní "Sir, tó bá dún a kì í jáde mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju iná lọ.

Ó ti rẹ panápaná fúnra wọn. Láti ìparí oṣù October ọdún 2024, panápaná Lọ́ńdọ̀nù kì í jáde lọ́sàn-án mọ́ fún alámù tó kàn dá dún ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù, àfi tí èèyàn bá pè wọ́n pé lóòótọ́ ni iná wà. Ilé àwọn arúgbó, ọsibítù àti ibi tí èèyàn ń sùn sí kò sí nínú ìyẹn, wọ́n ṣì ń lọ. Mo rò pé wọ́n ṣe dáadáa tí wọ́n ya àwọn yẹn sọ́tọ̀.

Ti ojú ayé wá ńkọ́? Ìyẹn, ilé ni mo ti rí i, ní Ìbàdàn. Mo lọ kí àwọn òbí mi lóṣù December kan, mo wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní apá Bódìjà. Yàrá tí wọ́n fún mi, detector méjì ló wà lára àjà ẹ̀, ó ń dán gbinrin, kọ́rídọ̀ náà kún fún un láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ iṣẹ́ ẹni kì í jẹ́ kéèyàn sinmi, mo nà sórí bẹ́ẹ̀dì mo ń wò ó, mo wá kíyè sí i pé iná pupa tó máa ń ṣẹ́jú lára wọn kò ṣẹ́jú rárá. Mo gbé àga, mo yí i, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kò sí wáyà lẹ́yìn ẹ̀. Ìṣó kan ṣoṣo ni wọ́n fi kan àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ mọ́ pákó. Mo lọ bá mánẹ́jà nísàlẹ̀, ọmọ dáadáa kan ni, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, bá a ṣe bá a nìyẹn. Àwọn tó ń wá yẹ ilé wò ni wọ́n fi í hàn." Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, mo lọ ka iye ẹsẹ̀ bàtà láti ẹnu yàrá mi dé àtẹ̀gùn kí n tó dùbúlẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣojú wọn nígbà tí Cocoa House jó ní January ọdún 1985, wọ́n dúró sí Dùgbẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn wọ́n ń wo èéfín tó ń jáde láti ilé tí gbogbo Ìbàdàn fi ń yangàn, ilé àjà 26. Wọ́n ní ohun tí àwọn ò lè gbàgbé ni pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ lè ṣe. Bàbá mi ti lé ní 70, síbẹ̀ nígbà tí mo fi detector oníbátìrì kan sí kọ́rídọ̀ wọn kí n tó padà, àwọn fúnra wọn ló di àkàbà mú fún mi. Wọ́n máa ń pè mí lórí WhatsApp pé àwọn ti tẹ̀ ẹ́ wò o. Ọmọńlé ti wọnú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọyẹ́ sì ń kó eruku sí i, mo ti kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ alámù kí n má dárúkọ Grenfell, ilé alájà gíga kan tó jó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣáájú ọjọ́ 14 oṣù June ọdún 2017, tí ẹ bá dábàá alámù tó máa dún fún gbogbo ilé alájà gíga tí àwọn èèyàn ń gbé, wọ́n á sọ fún yín pé àṣejù ni. Èrò wọn ni pé ògiri fúláàtì kọ̀ọ̀kan máa há iná mọ́, ẹni tí iná ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀ kó jókòó sílé ẹ̀. Èrò yẹn dára tí ògiri bá dúró. Nínú ilé alájà 24 yẹn, ohun tí wọ́n fi bo ara ilé níta ló gbé iná gòkè, kò sì sí alámù kankan tó lè jí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn 72 kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń gba èèyàn kí wọ́n máa rìn kiri àjà kọ̀ọ̀kan láti alẹ́ dé àárọ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ iná, ní àwọn ilé tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lára ẹ̀, àwọn èèyàn wa wà nínú wọn dáadáa, mo mọ tó mẹ́ta tó ṣe é nígbà òtútù. Owó ẹ̀ ń pa àwọn onílé, nígbà tó yá ìjọba gbé £30 mílíọ̀nù sílẹ̀ ní December ọdún 2020 kí wọ́n fi ra alámù rọ́pò àwọn tó ń rìn kiri. Mo kan lára àwọn alámù yẹn, aláìníwáyà, ọ̀kan sínú fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan ṣílẹ̀kùn fún mi, wọ́n wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní "Ìsinsìnyí?"

Ẹ jẹ́ n padà sí ilé arúgbó wa. Ọdún kẹta lẹ́yìn tá a parí ẹ̀, ọ́fíìsì pè mí láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan pé kí n sáré lọ, iná ti sọ níbẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe wakọ̀ débẹ̀. Gbogbo èèyàn wà láàyè. Àwọn arúgbó jókòó sí yàrá ìjẹun pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀, wọ́n ń mu tíì.

Màmá ará Òṣogbo yẹn náà ló wà lẹ́nu iṣẹ́. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ewu o." Wọ́n ní "Ewu iná kì í pa àwòdì, ọmọ mi. Wá wò ó." Ẹnì kan ti gbé bátìrì kẹ̀kẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arúgbó sínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó lọ sùn. Kò yẹ kó gbé e síbẹ̀. Pẹpẹ igi ti di èédú, ṣájà ti yọ́ lẹ̀ mọ́lẹ̀, àjà ibẹ̀ dúdú kirikiri. Detector tí mo kan mọ́ ibẹ̀ ti wọ́ bí àbẹ́là, nígbà tí mo ń tú u, ó lẹ̀ mọ́ mi níka.

Mo yẹ àkọsílẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì wò. 02:41 ni ó kọ́kọ́ kìlọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe nọ́ńbà 37. Kò pé ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà ó kọ FIRE, àwọn mágínẹ́ẹ̀tì tó ń di ilẹ̀kùn kọ́rídọ̀ mú sì tú wọn sílẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn ti ara wọn pa. Mo bi màmá pé kí ni wọ́n ṣe. Wọ́n ní "Mo sáré dé iwájú ẹ̀, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ yàrá 6. Mo ní kí ẹnì kejì mi pe panápaná. Èmi lọ síbẹ̀, mo fẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó gbóná, mi ò ṣí i. Mo gbé bàbá yàrá 6 àti màmá yàrá 7 kọjá ilẹ̀kùn iná lọ sí ọ̀hún. Ìgbà tí mo padà dé, mo ti ń gbọ́ panápaná níta." Èèyàn méjì péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́, arúgbó 16. Ká ní Store 3 ni mo fi sílẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́? Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn fúngbà díẹ̀, mi ò lè ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà mo pe ọ̀gá mi, wọ́n ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, wọ́n wà ní Iléṣà. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní "Ọlọ́run ṣé o. Ṣé o ti pààrọ̀ detector yẹn?"

Mo pààrọ̀ ẹ̀, mo fi èéfín inú agolo dán an wò, ó dún. Bí mo ṣe ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, màmá tún padà wá bá mi, wọ́n ti wọ kóòtù, ó yẹ kí wọ́n ti lọ sílé láti wákàtí méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní "Ọmọ mi, nǹkan kan kù o. Ibi tẹ́ ẹ kọ Day Room 2 sí yẹn, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ di yàrá tẹlifíṣọ̀n. Yàrá 11 náà, a ti là á sí méjì."

Mo fa àga kan sí ẹ̀gbẹ́ mi fún wọn. Mo tún ṣí láptọ́ọ̀pù, mo so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, a bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kìíní.